Títo Sákúlà Kí Pákó Lè Tọ́, Kí Ìka Wa Sì Pé

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá ìpàdé ẹ̀ka wa sọ ní Ìjàrẹ

  Mo mọ̀ pé àwọn kan ti Àkúrẹ́ wá, àwọn kan ti Òǹdó wá, iṣẹ́ sì ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbéra.

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ayùn orí tábìlì, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní sákúlà. Mo gbọ́ tí awakọ̀ kan ń kùn lẹ́yìn pé kí ni tiwọn níbẹ̀. Tiwọn wà níbẹ̀ dáadáa. Ta ló ń la pákó tí wọ́n fi ń kan ara lọ́rì? Ta ló ń la pákó àpótí tí ilé iṣẹ́ ń di ọjà sí kí ẹ tó gbé e? Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ, àfi pé ìdí táyà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bí táyà iwájú méjèèjì kò bá wo ọ̀nà kan náà, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà á máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, awakọ̀ á sì máa bá ọwọ́ ọkọ̀ jìjàkadì láti ilé dé oko. Kò sí ẹni tó máa sọ pé awakọ̀ náà kò farabalẹ̀. Wọn á ní kó lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì.

Sákúlà náà ní aláínmẹ́ǹtì tirẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wo ọ̀nà kan náà: bíléèdì, fẹ́ǹsì tí pákó ń fara tì, àti irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó dúró lẹ́yìn bíléèdì. Bí ọ̀kan bá yà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pákó kò ní tọ́, ọwọ́ ẹni tó ń tì í sì ti wà nínú ewu láìmọ̀. Títo nǹkan mẹ́ta yìí, iṣẹ́ gidi ni. Ohun tí mo bá wá síwájú ìpàdé yìí ni pé kí a gbà á bí iṣẹ́, kí a fún un ní àkókò, kí wọ́n sì sanwó fún un, kí òṣìṣẹ́ má máa jí i ṣe nígbà tó yẹ kó jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Bí sákúlà bá gé ènìyàn lọ́wọ́, ohun méjì la sábà máa ń gbọ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ á ní àìfarabalẹ̀ ni. Àwọn ará ilé á ní Ògún ló fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀. Èmi kò bá Ògún ṣọ̀tá. Òǹdó tí wọ́n ti ń ṣọdún Ògún kò jìnnà sí wa, ọmọ ẹgbẹ́ wa sì wà níbẹ̀ tó ń so màrìwò mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún gan-an. Á gbé irin sókè, á fi ojú kan wò ó láti ìdí dé orí, kí ó tó tún lù ú. Kò fi títọ́ irin sílẹ̀ fún Ògún.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí jàǹbá náà ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bíléèdì ń yí bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń ti pákó. Eyín tó wà níwájú ń lọ sísàlẹ̀, ó ń tẹ pákó mọ́ tábìlì, ìyẹn kò burú. Eyín tó wà lẹ́yìn ló ń gòkè bọ̀. Bí pákó bá fún mọ́ eyín ẹ̀yìn yìí, yálà nítorí pé fẹ́ǹsì tì í mọ́ ọn, tàbí nítorí pé pákó fúnra rẹ̀ pàdé lẹ́yìn tí a là á, eyín á gbé e sókè, á sì jù ú padà sí àyà ẹni tó dúró. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò eré rẹ̀. Bíléèdì íǹṣì 12 tó ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, eyín rẹ̀ ń sá tó kìlómítà 172 ní wákàtí kan. Ẹ̀yin awakọ̀, ta ló lè sá eré bẹ́ẹ̀ láti Àkúrẹ́ dé Òǹdó nínú yín? Ẹ má dá mi lóhùn o, a kò mọ ẹni tó wà láàárín wa. Pákó tó ta padà kì í ṣe pákó nìkan ló ń ṣeni léṣe. Ọwọ́ tó wà lórí pákó náà ń tẹ̀ ẹ́. Bí pákó bá sá kúrò lábẹ́ ọwọ́ lójijì, orí bíléèdì ni ọwọ́ ń bọ́ sí. Bí ọ̀pọ̀ ìka ṣe ń lọ nìyẹn, ẹni tó ni ín kò sì ní lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ibi iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ìka méjì sílẹ̀ lórí sákúlà. Arère tí omi rẹ̀ kò tíì gbẹ ló ń là. Ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ kọ ní kò farabalẹ̀. Àwa aṣojú méjì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tíì tún ẹ̀rọ náà tàn, kí wọ́n jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. A wọ̀n ọ́n. Láti fẹ́ǹsì dé bíléèdì níwájú jẹ́ íǹṣì mẹ́rin géérégé. Lẹ́yìn, kò pé mẹ́rin. Ó fi ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì dín. Pákó tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ibi tó ń lọ ń fún mọ́ ọn bí ó ti ń lọ ni. Irin ẹ̀yìn bíléèdì kò sí, ihò bóòtù rẹ̀ nìkan ló kù. Ìdérí bíléèdì wà lábẹ́ tábìlì, lẹ́búlẹ́bú igi ti bò ó mọ́lẹ̀. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a fọwọ́ sí i, a fún ọ̀gá ní ẹ̀dà kan. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ àìfarabalẹ̀ dín kù lẹ́nu wọn. Ìka méjì kò padà wá, ṣùgbọ́n owó ilé ìwòsàn àti owó ìtanràn jáde. A kò pariwo. Rúlà àti tákàdá la fi ṣe é.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé ìdí ẹ̀rọ.

Iná ni àkọ́kọ́. Pípa ṣíwíìṣì kò tó. Ẹ yọ fíúsì kí ẹ fi í sápò ara yín, tàbí kí ẹ yọ bẹ́líìtì kúrò lára púlì. Mo mọ̀ pé ìgbà tí iná bá lọ ni ọ̀pọ̀ wa ń ráyè tún ẹ̀rọ ṣe, nítorí iṣẹ́ ti dúró. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Wọ́n yí orúkọ NEPA padà lọ́dún 2005, wọ́n tún tà á fún àwọn aládàáni lọ́dún 2013, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń kìlọ̀ fún wa kí iná tó dé. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná lọ, bí ẹnikẹ́ni kò bá pa ṣíwíìṣì rẹ̀, iná dé báyìí, ó ti ń yí nìyẹn, ọwọ́ yín sì wà lórí rẹ̀. Irú ṣíwíìṣì kan wà tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, tí kò ní tàn mọ́ àfi bí ènìyàn bá tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí sákúlà tí kò yẹ kó ní in. Ibi iṣẹ́ tó ń gba iná NEPA pọ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀, ó tilẹ̀ tún nílò rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ di bíléèdì mú kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì, bíárín ti jẹ tàbí nọ́ọ̀tì ti dẹ̀. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná. Ohun tí a bá tò sórí bíárín tó ti jẹ kò ní dúró di ọ̀la.

Bíléèdì la ó wá tò. Àwọn sákúlà tó ti òkè òkun wá sábà ní ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n gbẹ́ sórí tábìlì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ojú ọ̀nà yẹn ni olórí, òun la ó fi wọn gbogbo ohun tó kù. Èyí tí àwọn wẹ́dà wa ń jó fún wa kì í sábà ní in. Ẹ mú etí tábìlì tó tọ́ jù, kí ẹ fi í ṣe olórí, kí ẹ sì fi ọ̀dà kùn ún kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ègé pákó tó lè rìn nínú ọ̀nà náà, tàbí tó lè fara mọ́ etí náà láìmì. Ẹ yí síkírù kan sí imú rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín bíléèdì kan, kí ẹ yí eyín náà wá síwájú, kí orí síkírù ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án fẹ́ẹ́. Kí ẹ wá fi ọwọ́ yí bíléèdì títí eyín kan náà yóò fi dé ẹ̀yìn, kí ẹ ti ègé pákó náà tẹ̀ lé e. Ṣé síkírù tún kàn án bákan náà? Bí ó bá há mọ́ ọn, tàbí tí àlàfo bá wà, bíléèdì kò tọ́. Eyín kan náà ni kí ẹ lò níwájú àti lẹ́yìn o. Bíléèdì tó tẹ̀ díẹ̀ á tàn yín jẹ bí ẹ bá fi eyín méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọ̀n ọ́n, ẹ ó sì máa to ohun tí kò yà.

Ìyàtọ̀ wo la lè fojú fò? Ẹ mú tákàdá tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì. Nínípọn ẹyọ kan tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí tákàdá kan bá dí àlàfo náà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gba méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbé sípánà. Lórí ẹ̀rọ òkè òkun, bóòtù tó so ikùn ẹ̀rọ mọ́ abẹ́ tábìlì, tàbí tó so tábìlì mọ́ ikùn ẹ̀rọ, la ń tú. Lórí tiwa, bóòtù ilé bíárín méjèèjì tó gbé ṣáfúùtù ni. Ẹ má tú gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan dì mú díẹ̀ kí ìyókù lè máa yí lé e, kí ẹ fi òòlù onígi kàn án pẹ́pẹ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ti de bóòtù tán, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí bóòtù tí a ń dè a máa fa nǹkan yà. Ẹ má sì gbàgbé púlì: bí ẹ bá ti sún ṣáfúùtù, ó lè jẹ́ pé púlì méjèèjì kò wo ara wọn mọ́, bẹ́líìtì á máa jẹ.

Fẹ́ǹsì ló kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi rúlà wọn iwájú nìkan, wọ́n á dè é, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iwájú kì í pani. Ẹ wọn iwájú, ẹ wọn ẹ̀yìn, láti ara eyín kan náà tí ẹ ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Kí méjèèjì dọ́gba. Àwọn àgbà káfíńtà kan fẹ́ kí ẹ̀yìn ṣí ju iwájú lọ ní ìwọ̀n tákàdá kan. Èmi fara mọ́ tiwọn, pàápàá bí fẹ́ǹsì bá jẹ́ pákó lásán tí wọ́n fi kíláàmpù dè, nítorí irú rẹ̀ a máa sún bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbà láé ni kí ẹ̀yìn fún ju iwájú lọ.

Kí bíléèdì lè dúró ṣánṣán lórí tábìlì, síkúwà tó. Ẹ gbé e sáàárín eyín méjì, kí ó fara ti awo irin, kí ó má fara ti eyín, nítorí eyín yà sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹ kò bá fọkàn tán síkúwà yín, ẹ gé pákó kan sí méjì ní ìdábùú, kí ẹ yí apá kan dojú dé, kí ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé pàdé ara wọn lórí tábìlì. Àlàfo tó bá yọ níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì àṣìṣe náà, ojú lásán á rí i.

Irin ẹ̀yìn bíléèdì ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ dànù. Ẹ ti rí igi tútù tí a là dé àárín, tí ojú ọ̀nà tí ayùn gbà tún pa dé lẹ́yìn. Irin yìí ló ń di ojú ọ̀nà náà mú kó má pa dé mọ́ eyín ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ nípọn ju awo bíléèdì lọ díẹ̀, kó má sì nípọn tó ojú ọ̀nà tí eyín ń là. Kí ó wà ní ìlà kan pẹ̀lú bíléèdì. Ẹ fi igi tó tọ́ kan àwọn méjèèjì wò. Kí ó sún mọ́ eyín ẹ̀yìn, kí àlàfo wọn lójú tábìlì má ju ìdajì íǹṣì lọ. Òfin ẹ̀rọ iṣẹ́ igi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1974 pè é ní mìlímítà 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ọ́? Nígbà míràn a fẹ́ fi ayùn gbẹ́ kòtò sí ara pákó láìgé e já, irin náà àti ìdérí tó wà lórí rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí pákó kọjá. Wọ́n á yọ ọ́ fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, kò sì ní padà mọ́. Bí ọ̀gá bá ní kò sí èyí tí wọ́n ń tà, wẹ́dà lè gé e láti ara irin pẹlẹbẹ tó le, bí a bá ti wọn bíléèdì fún un. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steve Gass ṣe sákúlà tó máa ń dúró lójijì bí ara ènìyàn bá kan bíléèdì rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 2004. Iṣẹ́ ńlá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi tútù irú èyí tí a ń là lè tàn án jẹ kó dúró láìnídìí. Ẹ̀rọ yẹn pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, wọ́n fi irin ẹ̀yìn bíléèdì sí i.

Eyín fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ti la ìrókò mọ òkúta tó máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Eyín tó bá kú ní ẹ̀gbẹ́ kan á jẹ́ kí bíléèdì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣì mú, ẹ ó sì máa to ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́ lásán. Ẹ pọ́n ọn. Eruku ìrókò náà kò dára fún imú àti awọ ara, ẹ fi nǹkan bo imú. Ẹ gbé bíléèdì sókè kí ó ju pákó lọ díẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀pá ti pákó tóóró. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má dúró lójú ọ̀nà ibi tí pákó lè gbà padà. Ẹ má fi ìbọ̀wọ́ ṣe é, bíléèdì a máa wọ́ ọ mọ́ ọwọ́.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ kan ẹgbẹ́. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, bí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn, kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń sanwó lórí iye pákó tí ènìyàn là, ta ló máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣòfò lára owó ọmọ rẹ̀? Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí sákúlà tí ẹnikẹ́ni kò tò láti ọdún dé ọdún. Mo dá a lábàá pé kí a béèrè ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àti nígbàkúùgbà tí a bá pààrọ̀ bíléèdì, kí owó rẹ̀ wà nínú owó iṣẹ́. Kí ìwé kan sì wà ní ìdí ẹ̀rọ tí ẹni tó tò ó yóò kọ ọjọ́ sí, kí ó kọ ohun tó bá níwájú àti lẹ́yìn, kí ó fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ẹnì kan kò farabalẹ̀, ìwé yẹn ni a ó kọ́kọ́ ṣí.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 1987 ní kí wọ́n bo gbogbo apá ẹ̀rọ tó léwu, ó sì ní wọn kò gbọ́dọ̀ fi ẹni tí a kò kọ́, tí a kò sì mójú tó, sí ìdí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àwa náà kò gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun ààbò jẹ́. Òfin kan náà ló sọ ọ́. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, òfin owó ìtanràn òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì jábọ̀ fún NSITF láàárín ọjọ́ 7. Ọdún kan péré ni a fi sílẹ̀ láti béèrè owó náà. Ọ̀gá ló ń san owó sí àpò yẹn, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san fún òṣìṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù yín. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n yọ ọ́, ẹ mú ìwé owó oṣù náà wá fún aṣojú yín.

Mo mú irin ẹ̀yìn bíléèdì kan wá, ọ̀kan nínú èyí tí wẹ́dà gé fún wa, pẹ̀lú ègé pákó tí a yí síkírù sí nímú. Wọ́n wà lórí tábìlì níwájú Alága. Ẹ wá fọwọ́ kàn wọ́n kí a tó dìbò lórí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà. Ẹ̀yin awakọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.